Kóòṣì ní agbára ọkàn ọmọ mi kò tíì tó. Kí gan-an ni wọ́n ń wò?

Bàbá Dámi, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 15, ọdún kejì rẹ̀ rèé ní ilé ẹ̀kọ́ girama, béèsìbọ́ọ̀lù ló sì yàn láàyò. Second base ni wọ́n ń fi í sí, nítòsí ibùdó kejì nínú mẹ́rin tí wọ́n ń sáré yí ká. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kóòṣì pe ìyá rẹ̀ àti èmi, ó ní ọwọ́ ọmọ náà dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n agbára ọkàn rẹ̀ kò tíì tó ti ẹgbẹ́ àgbà. Mo ní kí ó là á yé mi. Ó ní bí mo bá rí i, màá mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, torí n ò mọ ohun tí ojú mi máa wá.

Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la gbá níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń sáré nígbà tó ti rẹ gbogbo ayé, òun la máa ń pè ní akin. Eré tiwọn yìí yàtọ̀. Ọmọ lè dúró síbì kan fún ìdajì wákàtí láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Nínú eré tó lò kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fi strike mẹ́ta lé e kúrò (strike ni bọ́ọ̀lù tó ju igi sí tí kò bà á, tàbí tó gba ibi tó yẹ kó ti gbá a kọjá; tó bá di mẹ́ta, ó jáde nìyẹn). Kò sunkún, kò ju igi mọ́lẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó fa fìlà bo ojú, kò sì la ẹnu títí a fi délé. Lójú tèmi, agbára ọkàn nìyẹn. Ó jọ pé kóòṣì ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ọ̀nà yìí kọjá, kí ni ẹ máa ń wò? Oṣù kejì ni eré máa bẹ̀rẹ̀.

Kóòṣì Ọ̀fẹ́, Atlanta

Bàbá Dámi, ẹ kú làálàá ọmọ. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ran àwọn kóòṣì lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Béèsìbọ́ọ̀lù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, sọ́fútìbọ́ọ̀lù, irú rẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin ń ṣe jù, ni mo wà báyìí nítorí ọmọ mi obìnrin. Ó dùn mí pé wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín tí wọn ò sì là á yé yín.

Ìjákulẹ̀ ló pọ̀ jù nínú eré yìí. Ted Williams gba .406 ní 1941, ìyẹn ni pé nínú ìgbà 1,000 tó bá gbá, bí ìgbà 406 ló fi gbá bọ́ọ̀lù tó sì dé base, títí di òní ni wọ́n ṣì ń fi ìyẹn yìn ín. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: nínú ìgbà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà mẹ́fà tí òun náà padà sí bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ òfìfo. Nítorí náà, kóòṣì tó mọ iṣẹ́ kì í tìtorí strike mẹ́ta sọ pé ọmọ kò ní agbára ọkàn. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká mú second base tí ọmọ yín ń dúró sí. Bọ́ọ̀lù yí wá, ó gba abẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọ kan á máa wo inú ìbọ̀wọ́ bí ẹni pé ìbọ̀wọ́ ló ṣẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù tó kàn, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: gìgísẹ̀ ló fi dúró, ara rẹ̀ ti fà sẹ́yìn, àdúrà tó ń gbà ni pé kí bọ́ọ̀lù má tún wá sọ́dọ̀ òun. Ọmọ kejì ṣe àṣìṣe kan náà, ojú tì í bákan náà, ṣùgbọ́n á na ìka sókè kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ iye ẹni tó ti jáde, á tẹ̀ síwájú lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, á máa retí bọ́ọ̀lù náà. Ojú lè ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹsẹ̀ ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibòmíràn tí mo máa ń wò ni ẹnu ọ̀nà dugout, ibi tí bẹ́ǹṣì àwọn eléré wà. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò máa pàdé ẹni tó kàn láti gbá. Ṣé ó sọ nǹkan fún un? "Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kejì máa ń já sílẹ̀ lójijì, má tètè ju igi sí i." Ọmọ tó bá lè sọ èyí nígbà tí ìtìjú ṣì wà lójú rẹ̀, mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò ó nígbà tí nǹkan bá ń dáa fún un náà. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù tó rọra yí lọ sọ́wọ́ shortstop, ẹni tó ń dúró láàárín ibùdó kejì àti ìkẹta, tó hàn gbangba pé wọ́n máa mú un, ṣé ó sáré dé first base, ibùdó àkọ́kọ́, àbí ó kàn ń rìn gbẹ̀rẹ̀?

Mo máa ń sọ ìtàn Armando Galarraga, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Detroit Tigers, fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà 2010, ní Detroit, ó ti lé ẹni 26 kúrò láìsí ẹyọ ẹnì kan tó dé first base, ó ku ẹnì kan péré kí eré parí. Ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n mú un, gbogbo ayé rí i, ṣùgbọ́n umpire (adájọ́ eré) Jim Joyce ní kò jáde. Galarraga rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sórí òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó kàn, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Joyce ti jẹ́wọ́ pé òun ṣì í ṣe, Galarraga ló sì mú ìwé orúkọ àwọn eléré lọ bá a nídìí home plate, níbi tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti ń dúró, tí omijé ń bọ́ lójú ọkùnrin náà. Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rántí jù ni ẹni kejìdínlọ́gbọ̀n yẹn. Ó ṣì ní bọ́ọ̀lù kan láti jù, ó sì jù ú.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sọ́fútìbọ́ọ̀lù, torí pé níbẹ̀, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù ò ní ibi tó máa sá sí. Ní béèsìbọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 ló wà láàárín òun àti home plate. Ní sọ́fútìbọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹsẹ̀ bàtà 43 péré ni. Gbogbo ohun tó bá gba ojú rẹ̀ kọjá ni ẹni tó di igi mú ń rí.

Kẹ́hìndé mi ló ń ju bọ́ọ̀lù. Lọ́dún tó kọjá, bí umpire bá ti kọ̀ láti fún un ní strike, á tẹjú mọ́ ọn, á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin márùn-ún tó bá tẹ̀ lé e, kò sí èyí tó máa wọlé. Lọ́dún yìí, ó fún ẹni mẹ́ta ní walk tẹ̀léra (bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò wọlé, ẹni tó ń gbá á rìn lọ sí first base lọ́fẹ̀ẹ́). Àyà mi ti ń já. Ó jáde sẹ́yìn òbìrípo tó ti ń ju bọ́ọ̀lù, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi iyanrìn pa ọwọ́, ó mí kanlẹ̀, ó tún okùn irun rẹ̀ dì, kó tó padà wọlé. Ẹnì kẹrin gbá a, wọ́n sì gba ìkan wọlé lára wa. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọmọ mi ti yí padà. Kóòṣì rẹ̀ ló kọ́ ọ níwọ̀nba nǹkan tó máa máa ṣe ní gbogbo ìgbà, yálà ó ń borí àbí ó ń pàdánù. Ìgbà tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ló ń ṣe é, kò ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Táíwò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Táíwò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ eré, bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí. Ẹ mọ̀ pé orin àti àtẹ́wọ́ kì í tán ní dugout àwọn ọmọbìnrin. Òun ló ń dá orin. Ó tún máa ń kọ bọ́ọ̀lù tí pitcher ẹgbẹ́ kejì ń jù sínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí wọ́n pè é ní inning keje, ìpele ìkẹyìn eré wọn, láti wá fi ẹsẹ̀ sáré fún ẹlòmíràn, ó ti wọ akoto dúró. Gbogbo èèyàn ló ń yìn mí nítorí Kẹ́hìndé. Kóòṣì ló pè mí sẹ́yìn, ó ní nínú àwọn méjèèjì, Táíwò ni òun fi ọkàn tán jù. Mo sunkún nínú ọkọ̀, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń káàánú ọmọ náà bí ẹni pé kò rí nǹkan ṣe.

Bàbá Ìjẹ̀bú, New Jersey

Ẹ má bínú sí àgbàlagbà. Ẹ ti ń bèèrè jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwa, wọ́n nà wá, a ru igi, a pọnmi kí a tó lọ síléèwé, kò sẹ́ni tó bi wá bó ṣe rí lára wa, a sì dàgbà. Bọ́ọ̀lù bá ọmọ ọmọ mi lápá lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀, ó sáré lọ sí first base. Ìyẹn ni mo mọ̀ ní akin. Ọmọ tí ò bá lè gbé ìrora mì, ayé máa bá a láìgbáradì.

Nọ́ọ̀sì Dallas

Bàbá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọmọ yín ṣe dáadáa tí bọ́ọ̀lù bà á lápá tó sì ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọmọ ọdún 16 ni tèmi, ó ń ju bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó tún ń jù fún ẹgbẹ́ tó ń rìn káàkiri ní Sátidé. Ìgúnpá ń dùn ún, kò sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi sọ. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, nínú ilé kan náà, n ò mọ̀. Ohun tó tú u fó ni pé mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń fi ọwọ́ òsì fọ eyín. Mo ní kí ló dé? Ó ní kóòṣì kan ti sọ pé àwọn tó lágbára ọkàn kì í ráhùn. Dókítà ní kó má ju bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́ta, ó sì ní a tètè dé, torí pé bí iṣan ìgúnpá náà bá já, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi orúkọ Tommy John pè ló kù. Iṣẹ́ abẹ yẹn, 1974 ni dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe é fún ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, àgbàlagbà tó ń fi eré jẹun ni. Báyìí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa ka bọ́ọ̀lù fúnra yín. Láti sáà 2017 ni NFHS, àjọ tó ń ṣòfin eré ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà, ti ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tó dá iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ lè jù nínú béèsìbọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ girama dúró. Ìlànà Pitch Smart tí Major League Baseball (líìgì àwọn tó ń fi eré jẹun) àti USA Baseball (àjọ béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà) gbé jáde fi í sí 95 lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 15 sí 16, àti 105 fún ọmọ ọdún 17 sí 18. Ọmọ ọdún 15 sí 16 tó bá ti ju 76 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni kó fi sinmi. Ilé ẹ̀kọ́ ò ka ti Sátidé mọ́ tiwọn, ẹgbẹ́ Sátidé ò sì ka ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ro méjèèjì pọ̀. Òfin 2017 yẹn kò sì kan sọ́fútìbọ́ọ̀lù, nítorí náà Ìyá Ìbejì, ẹ fojú sí ọwọ́ Kẹ́hìndé.

Tí bọ́ọ̀lù bá bà á lórí, tó ń wò bí ẹni tí oorun ń kùn, tàbí tó ń bèèrè inning tí a wà lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọdọ̀ padà wọ eré lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó sọ pé ara òun le tó. Tó bá sì jẹ́ ọkàn ló ń dùn ún, tí kò jẹun, tí kò sùn, tó ń sọ pé òun ò wúlò fún nǹkan kan, ẹ má pe ìyẹn ní àìlágbára. 988 ni nọ́ńbà tí ẹ lè pè tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ní gbogbo Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án lóru.

Ọmọ tó bá lè dìde níwájú kóòṣì kó ní, "Sà, ìgúnpá mi ń dùn mí," nígbà tó mọ̀ pé wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, ẹ gbà mí gbọ́, àyà rẹ̀ le ju ti ẹni tó dákẹ́ lọ.

Ọmọ Èkìtì ní Chicago

Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ẹ forí jì mí bí Yorùbá mi bá ṣẹ́. Shortstop ni mo gbá fún ọdún mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ti pé 24 báyìí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá lé mi kúrò, ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni àga kẹta níbi tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Mi ò wo kóòṣì. Bí ojú dádì bá ti kọ́rẹ́, eré ti parí fún mi lọ́jọ́ náà, kódà bó bá ku inning márùn-ún. Bàbá Dámi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ibi tí ojú ọmọ yín ń lọ tó bá ṣubú. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ, ẹ mọ ohun tó máa bá lójú yín.

Ohun kan tún wà tí kóòṣì òyìnbó ò lè sọ fún yín. Gbogbo ìgbà tó bá kàn mí láti gbá, ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa ń ba orúkọ mi jẹ́, àwọn kan á sì rẹ́rìn-ín. Ọdún àkọ́kọ́, inú bí mi débi pé mo máa ń ju igi sí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ibi yòówù kó gbà. Ìyá mi ló ní kí n máa pe orúkọ mi fúnra mi, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ohùn, kí n tó wọ inú àpótí tí wọ́n fà sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbá. Mo ń ṣe é títí mo fi jáde. Tí ọmọ yín bá dúró ní ìta àpótí tí ètè rẹ̀ ń mì, ẹ má dá a dúró.

Bàbá Dámi, Houston

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run á san án fún yín. Àga kẹta yẹn wọ̀ mí lára. Ìbéèrè kan ló kù: báwo ni mo ṣe máa mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó fara balẹ̀ àti ọmọ tó ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ra? Àwọn méjèèjì ló ń dákẹ́.

Kóòṣì Ọ̀fẹ́, Atlanta

Ìbéèrè tó yẹ kí kóòṣì yín dáhùn nìyí. Ẹ bi í, lẹ́yìn tó bá ti jẹun: "Bọ́ọ̀lù wo ló mú ẹ?" Ọmọ tó fara balẹ̀ á sọ fún yín. Á ní ó ju èyí tó yára sí òun nínú, ó tún ju òmíràn síta, òun sì rò pé á wọlé. Ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ti ti ìlẹ̀kùn á ní, "Mi ò mọ̀." Irọ́ kọ́ ló ń pa. Kò mọ̀ lóòótọ́, torí ẹ̀rù ló gba gbogbo ojú rẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé àyà líle kọ́ là ń wá, ìfarabalẹ̀ ni, ó sì ṣeé kọ́. Ken Ravizza, onímọ̀ nípa ọkàn àwọn eléré ní Cal State Fullerton, yunifásítì kan ní California, kọ́ ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ibẹ̀ débi pé wọ́n gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onífàmi kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣeré sínú dugout. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe á lọ fa omi rẹ̀, àṣìṣe ti lọ nìyẹn. Ní 2004, ẹgbẹ́ yẹn borí 15, wọ́n pàdánù 16 ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, síbẹ̀ àwọn ló gba College World Series, ife ẹ̀yẹ béèsìbọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, lọ́dún náà.

Nígbà míì sì rèé, kò sí ẹ̀kọ́ tó lè yanjú rẹ̀ kíákíá. Rick Ankiel, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún St. Louis, jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dédé gbàgbé bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù nínú àwọn ìdíje tó tẹ̀ lé sáà ní 2000, níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìsapá rẹ̀ kò dá ọwọ́ náà padà. Ó lọ kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ó padà sí Major League ní 2007 láti máa dúró ní outfield, ẹ̀yìn pápá, ó sì gbá home run, bọ́ọ̀lù tó kọjá ògiri pápá, lọ́jọ́ tó padà. Ẹni tó bá ní ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lágbára, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú, New Jersey

Mo pe ọmọ ọmọ mi lórí fóònù. Mo bi í nípa bọ́ọ̀lù tó bà á lápá. Ó ní ibẹ̀ ṣì ń dùn ún tó bá gbé àpò ìwé. N kò mọ̀. Mo ti ní kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí mo sọ nípa iṣẹ́ ilé, n kò yí i padà o: ọmọ tó ń fọ aṣọ eré rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń gbé àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀, a máa lè gbé àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kóòṣì Ọ̀fẹ́, Atlanta

Bàbá, lórí ìyẹn, mo wà lẹ́yìn yín pátápátá. Àpò tí bàbá ń gbé tẹ̀ lé ọmọ, mo máa ń rí i láti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí.

Bàbá Dámi, Houston

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ní kí n padà wá jíṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bi í pé bọ́ọ̀lù wo ló mú un, ó ní òun ò mọ̀. Mo dákẹ́, mo bu ìrẹsì sí i. Lọ́jọ́ kejì, kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta ló dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, ó sọ ọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ dé ẹnu géètì wa. Ó ní ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé èmi máa ń gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ wá wo òun. Ó ní òun máa ń ṣírò owó tí mo pàdánù.

Mo ti kúrò lórí àga kẹta. Ẹ̀yìn first base ni mo ń dúró sí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, níbi tí kò ti lè tètè rí mi. Nínú eré ìgbáradì Sátidé tó kọjá, wọ́n tún fi strike mẹ́ta lé e kúrò. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́, ó ń bọ̀ wálẹ̀, mo rí i pé ó fẹ́ kọjá lára ẹni tó kàn. Ló bá dúró. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ síta. Ọmọ yẹn mi orí, ó wọlé, ó gbá a sáàárín. Ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì náà ni ọmọ mi tún lọ jókòó sí, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ wà lórí bó ṣe yẹ kó wà, ó sì ń wo eré.